Ìkánjú Tí Ọ̀kánlàwọ́n Kò Fi Rúbọ

A kì í paná lábẹ́ ìkòkò tí ń hó.
A kì í lu ìránṣẹ́ pa nígbà tí ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀.
Àlejò tó ti wọlé ni à ń sìn jáde kí a tó ti ilẹ̀kùn.
Àwọn ló dífá fún Ọ̀kánlàwọ́n, olùtọ́jú sáfà ní òde Ìgbórò, ní ọjọ́ tí ó ń sunkún ohun tó ń sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì mọ ọ̀nà tó ń gbà lọ.

Sáfà ni kọ̀mpútà tí ń dúró de ìpè. Bí ogún ènìyàn bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a máa dá olúkúlùkù lóhùn. Ti ilé ìwòsàn Ìgbórò ni Ọ̀kánlàwọ́n ń tọ́jú, òun náà ló sì kọ kóòdù, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tó ń darí rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ fún aláìsàn, sáfà yìí ni yóò rán sí yàrá ẹ̀jẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rọ náà máa ń gbé iṣẹ́ tí a rán an sí ibi tí kò ti lè sọnù kí ó tó dáhùn. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ó ń pẹ́ jù. Ọ̀kánlàwọ́n, ẹni tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, yí i padà. Ó mú kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ wí pé, "Mo ti gbọ́," kí ó tó wá ibi tí yóò gbé iṣẹ́ náà sí. Gbogbo ènìyàn yìn ín. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí ó bá fẹ́ fi kóòdù tuntun sí i, ńṣe ni ó ń pa á lójijì, tí ó sì ń tún un tàn. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ nígbà náà a bá a kú. Ẹni tó rán an kò ní béèrè mọ́, nítorí wọ́n ti dá a lóhùn.

Nọ́ọ̀sì Ìbídùn pè é lórí fóònù. "Ọ̀gá Kọ̀mpútà, ẹ̀rọ yín ní òun gbọ́ tèmi láàárọ̀. Àbí etí nìkan ló ní, tí kò lẹ́sẹ̀?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ tún un rán."

"Mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi lọ. Aláìsàn ò lè dúró de àlàyé."

Ọ̀kánlàwọ́n yẹ gbogbo ìlà tí ó kọ wò. Kò rí àṣìṣe, nítorí inú ìlà tí kò kọ ni àṣìṣe wà.

Àyọ̀ká ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, lóyún nígbà náà. Ilé ìwòsàn yẹn ni yóò bímọ sí. Ó ní, "Ọ̀kán, o ò jẹun dáadáa mọ́. Lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà. Bí o bá mọ gbogbo rẹ̀ tán, kí lo wá ń sunkún sí?"

Ó lọ. Ifá ní ẹ̀rọ rẹ̀ mọ bí a ti ń jí, kò mọ bí a ti ń sùn. Wọ́n ní kí ó fi àkùkọ kan, epo pupa, àti ìkánjú rẹ̀ rúbọ.

Àgbà nínú àwọn awo là á yé e. "Bí o bá fẹ́ pa á, sọ fún un ṣáájú. Kí ó dẹ́kun gbígba ẹni tuntun. Kí ó parí iṣẹ́ àwọn tó ti wọlé. Kí ó gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀, kí ó dá kọ́kọ́rọ́ ibi ìpamọ́ tí ó yá padà. Lẹ́yìn náà ni kí ó sùn. Kọ ìdágbére yìí sínú kóòdù rẹ kí o tó tún fọwọ́ kàn án."

"Bàbá, bí àlejò kan bá kọ̀ tí kò jẹun tán ńkọ́?"

"Dá ìgbà fún un. Bí ìgbà bá pé, sọ fún ẹni tó rán an pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dé. Ẹni tó bá mọ̀ pé iṣẹ́ òun kò dé yóò tún un rán."

"Mo ti gbọ́, Bàbá," ni Ọ̀kánlàwọ́n wí.

Ó mú àkùkọ wá, ó mú epo wá. Ó mú ìkánjú rẹ̀ padà sílé. Ó ní òun yóò kọ ìdágbére náà bí ọwọ́ òun bá dilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò dilẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àyọ̀ká pè é. "Mo ti wà ní ilé ìwòsàn. Ọmọ yìí jọ ọ́, kò ní sùúrù."

"Mò ń bọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n parí nǹkan kékeré kan."

Kóòdù tuntun ni nǹkan kékeré náà. Ó pa ẹ̀rọ lójijì bí ìṣe rẹ̀, ó tún un tàn, ó sì sáré jáde. Nígbà tí ó dé ilé ìwòsàn, ó bá Nọ́ọ̀sì Ìbídùn lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìbímọ.

"Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ̀gbọ́n yín jù," ni obìnrin náà wí. "Ṣùgbọ́n mo ti rán ẹ̀rọ yín. Lónìí kò tiẹ̀ fi falẹ̀, kíá ló ní òun ti gbọ́."

"Ìgbà wo ni ẹ rán an?"

"Kò pẹ́ sí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n yín pè yín tán."

Ọ̀kánlàwọ́n kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré lọ sí yàrá ẹ̀jẹ̀. Àwọn ibẹ̀ ní kò sí iṣẹ́ kankan tó dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ náà, ó gbé e máyà, ó sáré padà. Nígbà tí ó wọlé, ọmọ ń ké. Ìyá ọmọ kò dáhùn.

Lẹ́yìn ìsìnkú Àyọ̀ká, ó jókòó, ó kọ ìdágbére náà. Kíkọ rẹ̀ kò pẹ́ tó ẹ̀wà tí a gbé kaná. Èyí ló fọ́ ọ lọ́kàn ju ikú náà fúnra rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ kankan kò sọnù mọ́ ní òde Ìgbórò. Ìyá tí ì bá kú ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ ibi tí yóò gbé ọpẹ́ náà sí.

Ọ̀kánlàwọ́n kò jó, kò yọ̀. Ó yin àwọn awo rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu gbígbẹ. Àwọn awo sọ òtítọ́. Òun ló ní òun ti gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí, ẹbọ tí a rú pé ní í dáàbò bo ilé ẹni. Èyí tí a pẹ́ kí a tó rú, ilé onílé ló ń dáàbò bò. Bí wọ́n bá yan ẹbọ fún yín, ẹ má ṣe mú èyí tó rọrùn wá kí ẹ fi èyí tó le sílé. Èyí tó le gan-an ni ẹbọ.