Òwú Tí Kò Fi Eérú Sílẹ̀

Nígbà láéláé, kò sí òwú kankan láyé tó ń yára jó. Gbogbo wọn ló ń jó díẹ̀díẹ̀, tèéfín tèéfín.

Ní oko kan tí wọ́n ti kórè tán, méjì péré ló ṣẹ́ kù lórí igi: Òwú àti àbúrò rẹ̀. Àwọn yòókù ti lọ di aṣọ. Iná nìkan ló máa ń yà kí wọn. Á fọwọ́ kan Òwú létí díẹ̀, ara Òwú á móoru, wọn á sì jọ máa sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n Afẹ́fẹ́ ló ń fún Iná ní èémí. Bí Afẹ́fẹ́ bá rin ìrìn àjò, Iná kò lè wá. Nígbà mìíràn, odidi oṣù kan á kọjá.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́,” ni Òwú bẹ Afẹ́fẹ́.

“Ṣé ìwọ nìkan ni mo ní láyé ni?” ni Afẹ́fẹ́ wí, ó sì lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dun Òwú wọra. Ó mú àbúrò rẹ̀, wọ́n lọ bá Omi Kíkan, tó ń dá gbé inú ìkòkò nítorí pé gbogbo ohun tó bá fọwọ́ kàn ló ń bó.

“Ẹ fún wa ní èémí tiwa,” ni Òwú wí, “ká má bẹ Afẹ́fẹ́ mọ́.”

“Mo lè fi sí yín nínú,” ni Omi Kíkan dáhùn. “Ẹ ó ṣì funfun bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí Iná bá dé, mi ò mọ bí yóò ti rí.”

“Kó ṣáà dé,” ni Òwú wí.

Àwọn méjèèjì wẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n fi omi tútù ṣan ara, wọ́n sì yá oòrùn. Òwú ló kọ́kọ́ gbẹ. Ó pe Iná, tó ń tòògbé nínú ẹyinná kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ kò sí nílé, ṣùgbọ́n èémí inú Òwú fa Iná, ó sì rọra rá wá.

“Òwú, ó mà tó ọjọ́ mẹ́ta,” ló wí. Ó nawọ́ kàn án létí.

Fìrì, Òwú ti lọ. Kò sí èéfín, kò sí eérú. Ọwọ́ Iná ṣì wà ní nínà.

“Òwú?” ló pè. Ó tún pè é.

Àbúrò Òwú, tí ara rẹ̀ kò tíì gbẹ, ló dá a lóhùn. “Ẹ má sún mọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́.” Ó sáré padà wọ inú omi tútù náà lọ, ó sì jókòó síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni òwú tó bá ti wẹ̀ nínú omi kíkan, èyí tí àwọn kan ń pè ní ásíìdì, ti ń jó tán kí a tó ṣẹ́jú. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe irú òwú bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀tù ìbọn fi ń rẹ ẹ́ sínú omi, tí wọ́n sì ń kọ́ ilé tirẹ̀ fún un lọ́tọ̀, jìnnà sí gbogbo ènìyàn.