Ìgèrè tí Ìbíwùmí Gé Nídìí

Ọwọ́ kan kì í gbẹ́rù dórí, òun ni wọ́n dá fún Ìbíwùmí lọ́jọ́ tí ẹja ń tán lódò, tí òun àti ọmọ ìyá rẹ̀ kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Òun àti Ọ̀ṣúndáre ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jọ jogún ẹnu odò tí ẹja ń gbà wọlé yé ẹyin. Àwọn baba wọn kì í dẹ ìgèrè, agbọ̀n ìpẹja, síbẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ lẹ́ẹ̀meje. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ń bẹ̀rù pé àbúrò yóò ṣáájú òun, àbúrò náà ń bẹ̀rù ẹ̀gbọ́n, àwọn méjèèjì wá ń sáré kó ẹja ẹlẹ́yin. Ìbẹ̀rù ló ń dẹ odò náà, kì í ṣe ebi.

Èfúntádé, ìyá arúgbó tí í da ẹẹ́rìndínlógún, wo owó ẹyọ rẹ̀ títí.

"Eré méjì ló wà, ọmọ mi. Nínú ayò, ohun tí mo bá jẹ, ìwọ ló pàdánù rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹni méjì tó ń wà á yóò jọ gúnlẹ̀ ni, tàbí kí wọ́n jọ rì. Inú ọkọ̀ lẹ wà, ayò lẹ̀ ń ta. Mú ìgèrè rẹ tó tóbi jù, gé ìdí rẹ̀ sọnù, gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́sàn-án gangan. Sọ fún un pé o ò ní dẹ odò títí òjò keje."

"Tó bá wá rẹ́ mi jẹ ńkọ́, Ìyá?"

"Bó bá dá ọ lójú pé kò ní rẹ́ ọ jẹ, ẹbọ kọ́ nìyẹn."

Ìbíwùmí sunkún, ó sì rú u. Ọ̀ṣúndáre gba ìgèrè náà. Òjò kìíní rọ̀, ó dẹ tirẹ̀. Ó dun Ìbíwùmí dọ́kàn, ṣùgbọ́n kò lọ sódò. Ẹ̀wà lásán ló sè fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí òjò kejì dá, ó yọjú sétí omi. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó ti ń fa ìgèrè sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń da ẹja ẹlẹ́yin padà sínú odò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́."

Ọ̀ṣúndáre kò lè wo ojú rẹ̀. "Mo wo ìhà tìrẹ, mo bá a lófo. Èmi ni Ìyá Èfúntádé kọ́kọ́ yan ẹbọ yìí fún, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo fi ṣẹ̀sín. Mo ní ta ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kó ẹja fún ọ̀tá. Ìwọ ni mo pè lọ́tá, Ìbíwùmí."

Àbúrò ká aṣọ sókè, ó wọ inú omi, ó bá a fa ìyókù.

Nígbà tí ọdún yípo, ẹja kún odò, ilé méjèèjì yó. Ìbíwùmí tó gbọ́ rírú ẹbọ ń jó, ó ń yọ̀. Ọ̀ṣúndáre náà jẹ nínú ẹja, ṣùgbọ́n àbámọ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́, nítorí láàárín ọdún mẹ́ta tó fi kẹ́gàn ẹbọ ni ìyá tó bí wọn kú, obìnrin tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ jẹun lójú òun, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.