Ọjọ́ tí Láníhùn Jókòó

"Ọjọ́ tí Láníhùn jókòó la mọ̀ pé òun ló ń sáré." Òwe yìí kì í wọ́n lẹ́nu wa, àmọ́ èèyàn mélòó nínú wa ló mọ ẹni tó ń jẹ́ Láníhùn, tàbí ibi tó jókòó sí? Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Bọ́ọ̀lù ni Láníhùn ń gbá jẹun ní Òkè-Àfàrà, títí iwájú orí rẹ̀ fi ń pá lọ. Àárín pápá ni tirẹ̀. Á gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ àlejò, á gbé e fún Akínbọ̀dé níwájú, Akínbọ̀dé á gbá a sáwọ̀n, ariwo á sọ. Àṣà ìlú náà ni láti gbé ẹni tó bá jẹ gólù lé èjìká, kí wọ́n máa ki oríkì ìdílé rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀. Ìyá Láníhùn, tí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó lè jáde mọ́, máa ń gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀ lókèèrè.

"Ṣé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń bọ̀?"

"Rárá, màámi. Ilé Akínbọ̀dé ni wọ́n ń lọ."

Ó dun Láníhùn wọra. Ọmọ wo ni kò ní dùn?

Nígbà tí orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó ní àṣekágbá ife ọdún náà lòun fi máa dágbére fún bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ìlú yìí tún ní ìwà kan tí n kò lè gbè wọ́n lẹ́yìn lé lórí: bí àṣekágbá bá ku ọ̀la, akọ́nimọ̀ọ́gbá á máa pe orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù níwájú èrò, ẹni tí wọ́n bá hó fún ni yóò wọ pápá. Wọ́n pe Akínbọ̀dé, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. Wọ́n pe Láníhùn, àwọn díẹ̀ pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Bí wọ́n ṣe fi ọmọ kan tó mọ bọ́ọ̀lù fi dárà rọ́pò rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, orí bẹ́ǹṣì ni Láníhùn wà. Bọ́ọ̀lù ò dé ọ̀dọ̀ Akínbọ̀dé rárá. Ńṣe ló ń rìn kiri níwájú bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Àwọn àlejò jẹ gólù, wọ́n tún jẹ òmíràn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ń pààrọ̀ èèyàn kíkankíkan, kò wo ọ̀dọ̀ Láníhùn. Ìgbà tí èrò fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo "Láníhùn! Láníhùn!", gbogbo ìpààrọ̀ tí òfin gbà ti tán. Rẹfirí fọn fèrè. Bọ́ọ̀lù Láníhùn parí síbẹ̀.

Akínbọ̀dé ló kọ́kọ́ wá bá a. Ó gbé e lé èjìká, omi ń dà lójú rẹ̀. Èrò tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń ki oríkì ilé Láníhùn, wọn ò sì kọjá ilé ìyá rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

"Ta ló jẹ gólù?" ni ìyá bi wọ́n.

"Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́, mà. Wọ́n nà wá ni."

"Wọ́n nà yín, ẹ wá ń ki ọmọ mi?"

Akínbọ̀dé dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, ìyá. Ọjọ́ tí Láníhùn jókòó la mọ̀ pé òun ló ń sáré."

"Ẹ tún un kì," ni ìyá àgbà wí. "Ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ dáadáa."

Bí ẹni tó ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ gbé iṣẹ́ ró bá kúrò níbẹ̀, tí nǹkan wá dojú rú, ìgbà náà ni àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí. Òwe àbámọ̀ ni. Bí ẹ bá sì rí i pé àgbà kan ń wolẹ̀ bó ṣe ń pa á, ẹ má bi í léèrè. Ó ṣeé ṣe kó wà lára àwọn tí kò pàtẹ́wọ́.