Orúkọ Baba Kì Í Fa Omi

Bí iṣẹ́ bá délẹ̀, tí ẹnìkan sì káwọ́ sẹ́yìn, tó ń ròyìn irú ilé tí wọ́n ti bí i fún àwọn tó ń làágùn, àwọn àgbà a máa wò ó, wọn a ní, "Orúkọ baba kì í fa omi." Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lè máa rò ó pé ta ló tilẹ̀ ní kí orúkọ lọ fa omi. Orúkọ kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀, kò sì ní orí tí yóò fi ru ìkòkò. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ti rán orúkọ baba rẹ̀ lọ sí kànga rí, ibẹ̀ ni òwe náà ti wá.

Mirdasi ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Ará ilẹ̀ Lárúbáwá ni, láàárín iyanrìn àti òkúta, níbi tí kànga kan ṣoṣo ti ń fún ọ̀pọ̀ àgọ́ lómi. Hujayru ló bí i, Dahmaṣi ló bí Hujayru, ìdílé Dahmaṣi sì ni wọ́n kà sí àgbà ìdílé ní gbogbo agbègbè náà. Láyé àìmọ̀kan, kí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ti dòrò bọ kànga bí ará ilé Dahmaṣi bá ń bọ̀ lókèèrè. Mirdasi yóò dé, yóò gun òkúta tó wà létí kànga, yóò sì ka àwọn baba rẹ̀ láti orí Hujayru títí dé orí ẹni tí kò sí alààyè kankan tó mọ̀ bóyá ó tilẹ̀ gbé ayé rí. Ẹran yóò máa ké, ọmọ ọwọ́ yóò máa sunkún òùngbẹ. Ìgbà tó bá kà á tán ni ẹrú baba rẹ̀, Yasari ará ilẹ̀ Habaṣa, yóò wá fa omi fún un. Mirdasi fúnra rẹ̀ kò di okùn dòrò mú rí.

Nígbà tí Ìsìláàmù dé, Mirdasi wà lára àwọn tó tètè gbà á. Ká má purọ́ mọ́ ọn, tọkàntọkàn ló fi gbà á. Ó kó àwọn òrìṣà ilé wọn dà sí kòtò, kò bojú wẹ̀yìn. Ọtí ló ṣòro díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀. Ó tilẹ̀ sọ Yasari di òmìnira níwájú gbogbo ènìyàn, nítorí pé láádá ńlá wà nínú rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ó sì sọ̀rọ̀ gígùn lọ́jọ́ náà. Ohun tí kò wá sí i lọ́kàn ni pé ẹni tí a bá dá sílẹ̀ lè lọ lóòótọ́.

Lèmọ́mù a máa kọ́ wọn pé baba kan ṣoṣo ló bí gbogbo ènìyàn, àti pé ìbẹ̀rù Ọlọ́hun nìkan ló ń gbé ẹnìkan ga ju ẹnìkejì lọ. Mirdasi a máa mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Lójú tirẹ̀, àwọn ìdílé kéékèèké ni lèmọ́mù ń bá wí.

Kò pẹ́, gbogbo ará àgọ́ fẹnu kò pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé kànga ni yóò máa kọ́kọ́ fa omi. Mirdasi wà níbẹ̀, ó sì ní ó dára.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé àpò awọ rẹ̀, ó lọ sí kànga. Ó bá Yasari níbẹ̀, tó ń fa omi fún ewúrẹ́ ara rẹ̀. Mirdasi gun òkúta, ó bẹ̀rẹ̀. "Èmi Mirdasi, ọmọ Hujayru, ọmọ Dahmaṣi..." Kò sí ẹni tó yà fún un. Opó kan dé, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó tò sẹ́yìn Yasari. Darandaran kan dé, òun náà tò. Bí Mirdasi ti ń gòkè nínú ìran rẹ̀ ni ìlà ń gùn sí i, nígbà tó sì fi máa kan baba àkọ́kọ́, òun ló di ẹni ìkẹyìn.

"Yasari," ó ní, "ṣé o kò gbọ́ mi ni?"

"Mo gbọ́ yín," ni Yasari dáhùn. Ó dàgbà ju Mirdasi lọ dáadáa, òun ló pọ̀n ọ́n nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, síbẹ̀ kò tíì jáwọ́ nínú bíbọ̀wọ̀ fún un. "Àwọn baba yín pọ̀ lóòótọ́. Àyè yín wà lẹ́yìn darandaran yẹn."

Àwọn tó wà níbẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ ara wọn kí ẹ̀rín má baà pa wọ́n. Ojú ti Mirdasi, ìtìjú náà sì di ìbínú. "Mo fi Ọlọ́hun búra," ó ní, "omi tí wọ́n bá fà lẹ́yìn ẹrú baba mi kò ní wọ ilé mi." Ó gbé àpò òfìfo kọ́ èjìká, ó lọ.

Ìbúra kò le, àtimú un ṣẹ ló le. Yasari ló ń ṣáájú gbogbo ènìyàn dé kànga lójoojúmọ́, kò sì sí omi tí wọn kò fà lẹ́yìn rẹ̀. Mirdasi wá gbójú lé wàrà ràkúnmí. Ó mu ún láàárọ̀, ó mu ún lálẹ́, títí ràkúnmí náà, tí òun pẹ̀lú kò rómi mu, fi gbẹ. Bí àkókò ìrun bá tó, erùpẹ̀ ló fi ń ṣe àlùwàlá bí ẹni tó wà láàárín aṣálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń gbọ́ ìró dòrò láti inú àgọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ìbá máa pani lẹ́rìn-ín lọ bẹ́ẹ̀ ni bí ibà kò bá mú ìyá rẹ̀. Tumadiri ni ìyá náà ń jẹ́. Ó ti darúgbó, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ara rẹ̀ gbóná bí òkúta ààrò, ètè rẹ̀ ti là.

"Mirdasi, fún mi lómi."

"Kò sí omi nílé, ìyá mi."

"Ṣé kànga ti gbẹ ni?"

Mirdasi sọ ọ̀rọ̀ ìbúra náà fún un, ó ní òun kò lè máa wòran kí wọ́n tẹ orúkọ Hujayru mọ́lẹ̀.

Tumadiri fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ara rẹ̀ sókè. "Hujayru tí ò ń pè yẹn, ọkọ mi ni," ó ní. "Nígbà tó wà láyé, tó lágbára bí akọ ràkúnmí, kò fa omi rí lọ́jọ́ kan. Bí Yasari kò bá sí nílé, èmi ni mò ń fà á, pẹ̀lú oyún rẹ nínú. Ṣé ìgbà tó ti kú yìí ni yóò wá bẹ̀rẹ̀? Ọmọ mi, orúkọ baba kì í fa omi. Gbéra, kí òùngbẹ má baà pa mí sínú ọlá."

Mirdasi wo ètè ìyá rẹ̀, ẹ̀rù bà á. Ó gbé àpò awọ, eré ló sá dé kànga, kò rántí wọ bàtà. Oòrùn ti kan àtàrí, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi Yasari, tó ń bá opó ọjọ́sí rọ omi sínú àpò.

Mirdasi ju dòrò sínú kànga. Ó gbọ́ tó balẹ̀ sórí omi, ó fà á, òfìfo ló gòkè wá. Ó tún jù ú. Dòrò náà léfòó bí ewé. Okùn ti bó o lọ́wọ́, òógùn ti wọ̀ ọ́ lójú. Ó dúró, ó wo Yasari.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ bá mi wò ó. Omi kò wọ inú rẹ̀."

Opó náà gbójú sókè. Láti ìgbà tí Mirdasi ti gbọ́n tó ọ̀rọ̀ sọ, kò sí ẹni tó gbọ́ "ẹ" lẹ́nu rẹ̀ sí Yasari rí. Yasari gbé àpò opó náà sílẹ̀, ó sún mọ́ ọn.

"Ẹ gbọn okùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan," ó ní, "kí ẹnu dòrò lè dojú bomi. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kó kún. Ẹ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa, kí ẹ wá fà á."

Yasari lè gba okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà á. Ẹ̀yìn okùn ló dì mú, àwọn méjèèjì sì jọ fà á dókè.

Tumadiri mu omi náà, ó tún mu, ó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ara rẹ̀ ti ń tutù. Ṣùgbọ́n Mirdasi ti da ìbúra, ó sì di dandan kó tọ lèmọ́mù lọ. Lèmọ́mù fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde títí Mirdasi fi rojọ́ tán. Ó ní ìtánràn rẹ̀ ni kó bọ́ tálákà mẹ́wàá, kí oúnjẹ náà má sì rẹlẹ̀ sí èyí tí wọ́n ń jẹ nílé rẹ̀. Ìgbà náà ni Mirdasi tó rí i pé nínú gbogbo ènìyàn tí òun mọ ìran wọn, òun kò mọ tálákà kan dunjú. Yasari ló bá a wá wọn jọ láti àgọ́ dé àgọ́.

Mirdasi fúnra rẹ̀ ló fa omi tí wọ́n fi se oúnjẹ, òun ló sì bu omi sí àwọn àlejò lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n jókòó yí ọpọ́n ká, inú rẹ̀ dùn, ahọ́n rẹ̀ sì gbàgbé ara rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ sílé Mirdasi," ó ní, "ọmọ Hujayru, ọmọ Dahmaṣi, ọmọ..."

Bàbá afọ́jú kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n na etí. "Ṣé gbogbo wọn ló ṣì ń bọ̀ wá jẹun?" ó béèrè. "Ẹ jẹ́ kí n tètè bẹ̀rẹ̀ nígbà náà."

Gbogbo wọn wo Mirdasi. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà, àlejò kan láti ìdílé ńlá mìíràn wá sí kànga. Ó gun òkúta, ó ń ka àwọn baba rẹ̀ bọ̀ láti ìsàlẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń wò ó. Mirdasi wà lórí ìlà pẹ̀lú àwọn yòókù. Ó jáde, ó mú dòrò, ó sì fi okùn rẹ̀ lé àlejò náà lọ́wọ́.

"Ọ̀rẹ́ mi," ó ní, "àwọn baba rẹ kí wa, àwa náà kí wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ baba kì í fa omi."