Ìjàpá Kọ́ Ibùba sínú Ọkọ̀

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ń tòògbé, ẹ jí i. Ṣé kí n pa á?

— Máa pa á lọ, à ń gbọ́!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó fi koríko bojú. Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló dá lé, ẹni tó sá pamọ́ sínú oúnjẹ olóúnjẹ.

— Ta ló ni oúnjẹ náà?

Ẹ má kánjú. Ẹ ó gbọ́ ọ.

Ní ọdún kan, ọ̀dá dá ní ìlú àwọn ẹranko. Iṣu kò ta, àgbàdo gbẹ lórí ìdúró, àwọn odò kéékèèké sì di erùpẹ̀. Ọ̀sà nìkan ni omi ṣì kún inú rẹ̀. Yánníbo ti fi ọjọ́ mẹ́ta se ewé kíkorò fún ọkọ rẹ̀. Nígbà tó gbé ti ọjọ́ kẹrin kalẹ̀, Ìjàpá wo inú abọ́, ó ti abọ́ náà sẹ́yìn.

"Ẹran ni mo fẹ́ jẹ."

"Ọkọ mi, níbo la ti máa rí ẹran?"

"Ní ọ̀sà. Ṣé o ò rí àwọn pẹ́pẹ́yẹ odò tó ń fò kọjá ni? Wọ́n sanra bí ẹni tí ọ̀dá ò kàn."

"Wọ́n á fò lọ kí o tó dé ọ̀dọ̀ wọn."

"Wọ́n á fò bí wọ́n bá rí mi." Ìjàpá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Wọn ò ní rí mi."

Ibùba ló fẹ́ kọ́, irú èyí tí ọdẹ máa ń lúgọ sí, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ojú omi ló fẹ́ kọ́ ọ sí. Kò sì fẹ́ ra nǹkan kan fún un. Ó rí ọkọ̀ ògbólógbòó kan tí àwọn apẹja ti pa tì, ó fi òwú àti oje igi dí ojú ibi tó ń jò. Ó gé ọparun lẹ́yìn ilé, ó là á, ó tẹ̀ ẹ́ bí ọrun láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan dé èkejì, mẹ́fà lọ́gbọọgba, títí ọkọ̀ náà fi dà bí ẹja tí wọ́n ti jẹ ẹran ara rẹ̀ tán. Okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ló fi dì í. Yánníbo ló ń bá a di okùn mú, òun náà sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé iṣẹ́ náà dára.

Ó wá ku ohun tí wọ́n máa fi bò ó.

"Imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ pọ̀ lẹ́yìn ilé," Yánníbo wí.

"Imọ̀ gbígbẹ lójú omi? Ṣé pẹ́pẹ́yẹ fọ́jú ni? Ohun tó ń hù létí omi la ó fi bò ó."

Erinmi ló ni gbogbo koríko etí ọ̀sà. Ẹnu Erinmi fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà ilé, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kan koríko rẹ̀ rí tí ara rẹ̀ le lọ sílé.

Ìjàpá bá a létí omi níbi tó ti rì sínú ẹrẹ̀, tó jẹ́ pé ihò imú rẹ̀ méjèèjì nìkan ló hàn.

"Ẹ kú ìsinmi o, Bàbá Erinmi."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ọmọ yín ni, Bàbá. Mo rí i pé koríko gbígbẹ ti ń fún èyí tó tutù lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gé e kúrò. Mi ò ní gba nǹkan kan."

"Ìwọ Ìjàpá? O ò ní gba nǹkan kan?"

"Kí ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ bàbá mi?"

Erinmi mí fìn-ìn. "Èyí tó gbẹ nìkan o."

"Èyí tó gbẹ nìkan ni, Bàbá."

Ihò imú méjèèjì rì sínú omi. Kò pẹ́ tí omi náà pa rọ́rọ́ ni Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ sí í gé èyí tó tutù jù lọ, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ọ̀mùnú. Yánníbo ń dì í ní ìdì ní ìdì, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lójú omi. Ọwọ́ rẹ̀ ń rùn bí ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Nígbà tí wọ́n fi bo ọkọ̀ náà tán, tí wọ́n dúró lókèèrè wò ó, Yánníbo kò rí ọkọ̀ mọ́. Koríko ló rí.

Ìjàpá kò sinmi. Ó kọrí sí adágún kan tó ti ń gbẹ, níbi tí Ìyá Àbàtà ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ mẹ́jọ. Òun ni àgbà gbogbo pẹ́pẹ́yẹ odò.

"Ìyá, ṣé ẹ ti gbọ́? Erékùṣù kékeré kan yọ láàárín ọ̀sà. Koríko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀."

"Ta ló ń gbé ibẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo ti débẹ̀."

"Ṣé o mọ̀wẹ̀ ni?"

"Ìyàwó mi ló fi ọkọ̀ tù mí débẹ̀."

Ìyá Àbàtà wo omi adágún tí kò bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀. "A ó yọjú síbẹ̀ lọ́la," ó ní.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kùrukùru bo ojú ọ̀sà. Ìjàpá jókòó síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọ̀n, ó ti so okùn rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ kó má baà bọ́ sómi. Yánníbo jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àjẹ̀. Ó tu ọkọ̀ dé àárín, ó gbé àjẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Wọ́n di erékùṣù.

Wọ́n dúró. Omi ń jò wọlé díẹ̀díẹ̀, ó ti dé kókósẹ̀ Yánníbo, kò sì gbọdọ̀ gbọ́n ọn, kí ó má baà dún. Ebi ń ta á nínú. Bó ti ń rò ó pé bóyá wọn ò ní wá mọ́, ó gbọ́ orin láti inú kùrukùru. Ẹ bá mi gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Ṣé ẹ pé o, ọmọ mi?
— A pé, ìyá wa.
Ṣé ẹ ń wo òkè?
— À ń wò ó, ìyá wa.
Ṣé ẹ ń wo omi?
— À ń wò ó, ìyá wa.

Wọ́n bà sójú omi wọ̀ọ̀. Ìyá Àbàtà dúró lókèèrè, ó na ọrùn. Àwọn ọmọ ń wẹ̀ bọ̀. Èyí tó kéré jù ṣíwájú gbogbo wọn, ó wẹ̀ títí ó fi kan ara koríko, ó sì yọjú wo àárín rẹ̀. Ojú rẹ̀ àti ti Yánníbo ṣe mẹ́rin. Ọmọ náà kò sá. Kò mọ ohun tó rí.

Nígbà náà ni nǹkan kan dún lẹ́yìn ọkọ̀. Fàà. Lẹ́yìn náà, jíjẹ, wọ̀mùwọ̀mù.

"Yánníbo," Ìjàpá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò yíjú padà, "gbé ẹnu rẹ sinmi."

"Mi ò jẹ nǹkan kan."

"Kí ló ń dún nígbà náà?"

Yánníbo yí ọrùn. Ìmọ́lẹ̀ ti wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí koríko wà tẹ́lẹ̀ ti di ihò tó fẹ̀ tó àwo. Fàà! Ihò náà fẹ̀ tó ẹnu odó. Ihò imú ńlá kan mí afẹ́fẹ́ gbígbóná sí i lójú. Erinmi di ojú méjèèjì, ó ń jẹun, oúnjẹ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ọkọ mi, ẹ̀yìn wa ti ṣí sílẹ̀."

"Fi ọwọ́ dí i."

"Erinmi ni."

Ara Ìjàpá le gbagidi. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rin ti wà níbi tí àwọ̀n lè dé, ìyókù sì ń bọ̀. "Jẹ́ kó máa jẹ," ó ní. "Koríko ló ń jẹ, kò tíì jẹ wá. Ó ku díẹ̀."

Fàà! Ọparun kan ṣẹ́, kà! Ìyá Àbàtà gbé orí sókè.

"Ẹ dúró, ọmọ mi."

Gbogbo wọn dúró. Ìjàpá gbé àwọ̀n sókè díẹ̀díẹ̀. Yánníbo rántí ewé kíkorò. Ó rántí bí ẹran ṣe máa ń ta sánsán nínú ìkòkò, itọ́ sì yọ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ kékeré náà yí orí padà, ó ń wá ibi tí ohùn ìyá rẹ̀ ti wá. Yánníbo kò mọ ìgbà tí ẹnu òun là.

"Ẹ fò! Ẹ fò o!"

Àwọn pẹ́pẹ́yẹ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Erinmi ta gìrì, ó gbé orí rẹ̀ gba àárín ibùba kọjá. Ìjàpá ti ju àwọ̀n kó tó rí i. Àwọ̀n náà kò bá pẹ́pẹ́yẹ kankan. Orí Erinmi ló bà lé, ó sì bo etí rẹ̀ méjèèjì.

Erinmi kò dé nǹkan kan sórí rí láyé rẹ̀. Ó sáré wọ omi. Okùn fà, ọwọ́ Ìjàpá tẹ̀lé okùn, Ìjàpá tẹ̀lé ọwọ́. Ó fi ẹ̀yìn fọ́ ọparun tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, kà, kà, kà! Ọkọ̀ dojú dé. Yánníbo di àjẹ̀ mú, ó sì fi ẹsẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ títí ó fi kan ilẹ̀.

Láti etí omi ló ti ń wo bí Erinmi ṣe ń wọ́ ọkọ rẹ̀ yí ọ̀sà ká. Bí ó bá rì, Yánníbo a di àyà mú. Bí ó bá yọ, a mí. Ìgbà tí Erinmi fi orí gún ẹrẹ̀ ni àwọ̀n já. Ó dúró lé Ìjàpá lórí.

"Koríko mi dà?"

Ìjàpá tu omi jáde lẹ́nu. "Bàbá, ó wà nínú yín. Ẹ ti jẹ ẹ́ tán. Kò sọnù."

Erinmi rò ó, ó rò ó. "Òótọ́ ni, èyí tí mo jẹ lónìí wà nínú mi." Ó ya ẹnu. "Èyí tí mo fẹ́ jẹ lọ́la ńkọ́?"

Erinmi fi imú tì í sínú ẹrẹ̀, ó ní kó gbin koríko náà padà, ìdí kan tẹ̀lé òmíràn, títí òjò yóò fi rọ̀. Lójoojúmọ́ ni ihò imú méjì ń yọ létí omi, tí wọ́n ń ṣọ́ ọ.

Ìyá Àbàtà padà wá, ṣùgbọ́n kò bà. Ó ń rá bàbà lókè, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìwọ lo pariwo?" ó bi Yánníbo.

"Èmi ni, Ìyá."

"A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí ló gbé ọ débẹ̀?"

Yánníbo gbé àjẹ̀ lé èjìká, ó sì lọ wá ewé tí yóò sè.

Láti ọjọ́ náà ni pẹ́pẹ́yẹ odò kì í ti í bà sójú omi lẹ́sẹ̀kan náà. Á kọ́kọ́ yí ibẹ̀ ká lókè, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, á máa wo koríko bóyá ó ń mí.

Ibi tí àlọ́ náà gúnlẹ̀ sí rèé. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí omi gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Bí n kò bá fi irọ́ kún un, ẹ̀yin ọmọ, ẹ yìn mí.

— O káre o!