Ìjàpá Tó Ní Kí Ìlú Jáde Nínú Àáró

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mo ní ààlọ́ o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fara ti ògiri yẹn, ṣé oorun ti gbé yín lọ ni?

Ààlọ̀!

Ẹn-ẹ́n. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, kò yà sílé ọba, kò yà sọ́jà, ọ̀nà oko ló gbà tààrà. Ó balẹ̀ sórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo. Ó balẹ̀ sórí Òkété opó. Ó sì balẹ̀ sórí gbogbo ẹranko ìlú Abẹ́-Ọ̀pẹ.

Odò kékeré kan ló wà láàrin àwọn ẹranko Abẹ́-Ọ̀pẹ àti àwọn ẹranko Ọ̀dàn. Ẹgbẹ́ àáró kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń ṣe. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ àáró? Ẹ wá bá mi kọ ebè lónìí, èmi náà á wá bá yín kọ ọ́ lọ́la. Kò sówó níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń san ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ti tò lẹ́sẹẹsẹ báyìí, Ẹfọ̀n ará Ọ̀dàn níwájú, Ehoro lẹ́yìn, oko ńlá á parí kí oòrùn tó mú.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, oko Òkété ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀, kò sì sí èyí tó tíì lè gbé ọkọ́ nínú wọn. Bí oko rẹ̀ ò bá ní ebè kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, kò níbi tó máa gbin iṣu sí. Bí kò bá gbin iṣu, ebi ló máa pa òun àtàwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìjàpá bá wá bá a, ó fọwọ́ ti ìbàdí.

"Ìyá Òkété, ẹ̀yìn yìí ń pa mí o. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí wọ́n ti oko mi bẹ̀rẹ̀. Tiyín ló máa tẹ̀ lé e. Èmi gan-an ni màá kọ́kọ́ débẹ̀."

Àánú ṣe Òkété. Ẹni tí ò ní nǹkan, àánú ni kì í tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò burú.

Ni gbogbo ẹgbẹ́ bá dà sóko Ìjàpá. Wọ́n kọ ebè, ebè lọ súà. Kí ni Ìjàpá ń ṣe? Ó jókòó sábẹ́ igi. "Ẹ jẹ́ kí ìyẹn ga díẹ̀ sí i! Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Nígbà tí wọ́n túká, Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ọ̀la, oko Òkété. Lẹ́yìn ìyẹn, oko Ẹfọ̀n, tó jẹ́ pé béèyàn bá dúró níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò ní rí ìparí. Lẹ́yìn ìyẹn, oko Ìgalà. "Ṣé gbogbo èyí ni èmi Ìjàpá máa fẹ̀yìn san?" Bẹ́ẹ̀, kò lè sọ pé òun ò bá opó kọ ebè. Gbogbo ìlú ló máa bú u.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tí ò fẹ́ ṣiṣẹ́, kí ló máa ń ṣe?

Ẹ ò mọ̀ ọ́n? Ó máa ń pe ìpàdé ni.

Ìjàpá gun orí kùkùté igi. "Ará Abẹ́-Ọ̀pẹ! Ta ló ń sọ ìgbà tá a máa jí? Ẹfọ̀n ni! Ta ló ń sọ bí ebè ṣe gbọ́dọ̀ ga tó? Ẹfọ̀n ni! Ṣé ẹrú ará Ọ̀dàn ni wá ni? Ẹ jẹ́ ká jáde nínú àáró yìí! Bá a bá jáde, àsìkò wa á di tiwa, agbára wa á di tiwa. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo oko wa á ti ní ebè. Ti Ìyá Òkété la ó sì kọ́kọ́ ṣe!"

Ọ̀bọ ní, "Ta ni yóò kọ ọ́?"

"Àwa fúnra wa!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ gbọ́, kì í ṣe pé Ìjàpá fẹ́ jáde o. Ohun tó ń fẹ́ ò ju kí àríyànjiyàn gùn títí àsìkò ebè á fi kọjá. Ó fẹ́ sinmi ni.

Ìlú bá pín sí méjì. Akọ àparò ní ká dúró, ìyàwó rẹ̀ ní ká jáde, wọn ò jọ jẹun nínú abọ́ kan mọ́. Ìgalà ò kí Ọ̀yà. Ọba wọn, Kìnnìún, jẹ́ ọba tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun. Ó ní kí wọ́n gbé igbá méjì kalẹ̀, ọ̀kan fún ìjáde, ọ̀kan fún ìdúró, kí kálukú ju òkúta sí èyí tó bá wù ú.

Inú igbá ìjáde ni Òkété ju tirẹ̀ sí. Ẹ má bú u. Ẹni tí oko rẹ̀ ṣófo, ibi tí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀ ló ń lọ.

Wọ́n da òkúta sílẹ̀. Ìjáde fi díẹ̀ báyìí ju ìdúró. Kìnnìún wo òkúta, ó wo àwọn èèyàn rẹ̀. "Ó dáa. Ẹ ti sọ̀rọ̀. Orí ń fọ́ mi." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Gbogbo ojú bá yí sí Ìjàpá. "Ó yá, mú wa jáde!"

Wọ́n ní kó sọdá odò lọ sọ fún Ẹfọ̀n. Ó lọ, ó bọ̀. "Ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹfọ̀n le, ṣùgbọ́n èmi náà le." Ó tún lọ, ó tún bọ̀. "Ó ku díẹ̀." Ó tún lọ, ó tún bọ̀. "Ẹ̀yin gan-an, irú ìjáde wo lẹ fẹ́? Ṣé ká jáde pátápátá ni, àbí ká jáde ká fẹsẹ̀ kan sílẹ̀ nínú ilé?"

Háà! Ìjà dé. Àwọn tó ti jọ ń pariwo ìjáde tẹ́lẹ̀ wá pín sí méjì láàrin ara wọn. Láti òwúrọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, ìpàdé ni. Ìjàpá ní kẹ́nikẹ́ni má ṣe gbé ọkọ́ títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú, kó má bàa dà bíi pé ìlú ti juwọ́ sílẹ̀. Gbogbo wọn mi orí bí ọlọ́gbọ́n.

Ní gbogbo ìpàdé, Òkété á nàwọ́.

"Ẹ dákun, oko mi ńkọ́?"

"Ó di lẹ́yìn ìjáde, Ìyá."

"Ìgbà wo nìjáde?"

"Ó di lẹ́yìn ìpàdé."

Àwọsánmà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lápá Ọ̀dàn. Inú bí Òkété, ó sì tún bínú sí ara rẹ̀. Ó ní òun ò lọ sípàdé mọ́, òun fúnra òun máa lọ bẹ Ẹfọ̀n. Ó wọ́dò kọjá, omi mù ún dọ́rùn.

Nígbà tó dé ọ̀hún, gbogbo oko Ọ̀dàn ló ti ní ebè. Ẹfọ̀n jókòó síta, ó ń fi ẹ̀rú tuntun sí ọkọ́ rẹ̀.

"Bàbá Ẹfọ̀n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ní ká ṣe kẹ́ ẹ tó jẹ́ ká lọ? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yín le."

Ẹnu ya Ẹfọ̀n. "Ọ̀rọ̀ tèmi? Ọ̀rọ̀ kan ni mo sọ fún Ìjàpá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó máa lọ ní àlàáfíà. Ẹni tá a bá ti bá ṣiṣẹ́ nìkan ni kó san tiẹ̀ kó tó lọ. Oko ta la sì ti ṣe lápá ọ̀dọ̀ yín?"

Òkété ní, "Oko Ìjàpá nìkan ni."

"Ẹ ò wá rí i. Kò dé ọ̀dọ̀ mi mọ́ láti ọjọ́ náà. Etí odò ló ń jókòó sí. A máa ń rí i. Á jẹ ẹ̀pà rẹ̀ tán, á nu ẹnu, á padà sílé."

Òkété ò yà sílé. Ojú ìpàdé ló gbà lọ. Kò pariwo. Ó ro gbogbo rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Àwọn ará ìjáde wo àwọn ará ìdúró, kò sẹ́ni tó ní ebè kan ṣoṣo nínú wọn. Kí wọ́n tó bojú wẹ̀yìn, Ìjàpá ti yọ́ kẹ́lẹ́ lọ sínú ilé rẹ̀.

Wọ́n gbé ọkọ́, wọ́n tẹ̀ lé e. Òkété ló ṣáájú, òun ló dá orin. Ẹ bá mi gbè é o!

Ìjàpá, o ní ká jáde,
*Réréńré, jáde ká rí ọ!*
Òjò ń ṣú lókè Ọ̀dàn,
*Réréńré, jáde ká rí ọ!*
Oko opó ò ní ebè,
*Réréńré, jáde ká rí ọ!*
Ìpàdé ò ṣeé sè jẹ,
*Réréńré, jáde ká rí ọ!*

Ìjàpá yọ orí síta. "Mo ń bọ̀, mo ń jáde báyìí!" Ó rí ọkọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó fa orí wọlé. Wọ́n dákẹ́. Ó rò pé wọ́n ti lọ, ó tún yọ orí. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ó tún fa orí wọlé.

Ọ̀bọ bá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ebè tá a jọ kọ, tí ẹni tó ni oko ò san, ta ló ni ín? Ẹni tó kàn ló ni ín. Òkété ló kàn."

Ẹ sì wo Ìjàpá olóríburúkú, kò tíì gbin iṣu kan sórí ebè náà. Ìpàdé ò jẹ́ kó ráyè.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, Òkété kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, wọ́n gbin iṣu sórí gbogbo ebè náà. Wọ́n ń gbìn ín lọ́wọ́ lòjò dé. Òkété sunkún, ó sì rẹ́rìn-ín.

Àwọn yòókù ńkọ́? Wọ́n padà sípàdé ni! Wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ebè tí wọ́n fún Òkété yẹn, inú àáró ló wà ni àbí ìta àáró. Wọ́n rán Ehoro sí i lóko.

"Ìyá Òkété, wọ́n ní kẹ́ ẹ wá sọ tiyín. Ìjáde ni àbí ìdúró?"

Òkété ò gbórí sókè. "Bá mi kí wọn. Òjò ò bá ẹnikẹ́ni ṣèpàdé."

Láti ọjọ́ náà ni Ìjàpá kì í ti í jáde tán, tí kì í sì í wọlé tán. Bẹ́ ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà oko, ẹ rọra bi í pé, "Ìjàpá, ṣé o ti jáde?" Orí á yọ, á wò yín, á sì padà wọlé.

Ibi tí àlọ́ mi ń lọ, ó ti débẹ̀. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, kí ẹnu mi yadi. Bó bá jẹ́ òótọ́, kó dún lẹ́ẹ̀mẹta: pó! pó! pó!

Ṣó dún?

Ó dún!