Ìbídùn Ògúnmódẹdé, Ẹni Tó Fún Fóònù Òkè-Arọ Ní Ọpọlọ Tirẹ̀

Ọdún tí ìròyìn dé pé fóònù Òkè-Arọ kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá mọ́, ìbẹ̀rù mú tilé-toko. Iṣẹ́ fóònù ló ń bọ́ ìlú náà. Ní ìsọ̀ àgbẹ̀dẹ àwọn baba wọn ni àwọn ọmọ alágbẹ̀dẹ ti ń tò wọ́n, fóònù tó ń ka orúkọ ẹni tó ń pè sókè, kí ìyá àgbà tí kò mọ̀wé lè mọ ẹni tí yóò dá lóhùn. Áà, ayé dùn nígbà náà! Ṣùgbọ́n ara fóònù nìkan ni ti Òkè-Arọ; ọpọlọ tó ń darí rẹ̀, àyálò ni, lábẹ́ àṣẹ ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun. Ilé-iṣẹ́ náà wá ní ohùn kan ṣoṣo ni gbogbo fóònù tó ń lo ọpọlọ àwọn gbọdọ̀ ní, kì í sì í ṣe Yorùbá. Ẹni tí kò bá fẹ́, kí ó dá a padà.

Olóyè Ṣówándé, àgbà nínú àwọn tó ni iṣẹ́ náà, ní kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà ni Ìbídùn ọmọ Ògúnmódẹdé dìde, obìnrin dúdú tí ń dán, ọmọ a-rọ-ọkọ́-rọ-àdá, ọmọ ẹni tí iná ewìrì kò kú lójú rẹ̀ rí.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ní ìsọ̀ tiwa, ǹjẹ́ a ń tú ọmọṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tó rọ ọmọ owú tí yóò fi máa lu irin?"

"Rárá o," ni wọ́n wí.

"Ìdí ni pé ọjọ́ tí ọ̀gá bá gba tirẹ̀, iṣẹ́ tán. Ohun ọlọ́hun la dì mú yìí. Ẹ̀wù àgbàwọ̀ kì í yẹni; rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ọpọlọ tiwa. Bí mo bá kùnà, ẹ gba ìpín mi nínú iṣẹ́ yìí, kí n máa lọ."

Wọ́n gbà fún un. Òjò rọ̀, ó dá, òun àti àwọn ọ̀dọ́ ilé ń ṣe é. Nígbà tí fóònù náà jáde tó sì kí wọn káàárọ̀, àwọn àgbààgbà sunkún ayọ̀. Ayọ̀ náà kò pẹ́. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà, Olóyè Ṣówándé sì ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí ọpọlọ àyálò. Ọkàn Ìbídùn bàjẹ́ gan-an.

Mọ́rẹ́nikẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbé tirẹ̀ wá.

"Ọkọ mi, ẹ gba nǹkan yín."

"Kí ló ṣe é, ìyàwó wa? Kò dún ni?"

"Ó ń dún jù! Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá yín, bùọ̀dá yín pè mí, fóònù pariwo láti àyà mi pé, 'Akíntáyọ̀ Ògúnmódẹdé ń pè ọ́ o!' Orúkọ tí mi ò pè rí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé! Màmá ní ṣé èmi ni mo kọ́ ọ ní àrífín."

Ìbídùn rẹ́rìn-ín títí, ó wá káwọ́ lérí. Ọmọ ilé ni gbogbo àwọn tó ṣe ọpọlọ náà. Kò sí ìyàwó ilé kan láàárín wọn. Orúkọ tí ẹni tó ni fóònù bá kọ sí i ni ti àtijọ́ ń kà, ṣùgbọ́n orúkọ tí oníkálukú fi gba nọ́ńbà ni wọ́n kó sí èyí lẹ́nu.

Ó ní, "Ká ní àyálò ni, ta ni à bá bẹ̀ lókè òkun? Tiwa nìyí. Jókòó, ìyàwó wa, kí o kọ́ wa."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, fóònù náà ti ń béèrè pé, "Kí lẹ ń pe ẹni yìí?" Àwọn ìyàwó ilé kún ìsọ̀ fọ́fọ́, wọ́n ń sọ fún un: Ìbàdíàrán, Eyínafẹ́, Akọ́wé mi. Òkìkí kàn dé ìlú mìíràn, àwọn ìyàwó ibẹ̀ sì ń wá rà á. Olóyè Ṣówándé ra ti àwọn ìyàwó tirẹ̀, ó ní, "Ìbídùn, a tú ọ sílẹ̀."

Ìbídùn ti di ará ọ̀run. Títí dòní, bí wọ́n bá wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó tuntun tán ní Òkè-Arọ, fóònù ni wọ́n ń gbé lé e lọ́wọ́, kí ó fi sọ àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ kí ó tó jẹun. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá béèrè ilé Ìbídùn lónìí, kò ní í rí ẹni júwe rẹ̀ fún un. Àwọn ìyàwó ilé kò pe orúkọ yẹn rí, àwọn ọmọ tí wọ́n bí kò sì mọ̀ ọ́n. Adúmáradán ni kí ó béèrè.